Ọjọ́ méjì la ní láti fi kọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń ran ọmọ iléèwé àti ìdílé lọ́wọ́: kí ni ká fi ṣe?

Alátìlẹ́yìn Ìdílé (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ.

Iṣẹ́ mi ni láti dúró láàárín iléèwé àti ìdílé. Bí ọmọ bá ń pa iléèwé jẹ, bí ilé rẹ̀ bá dàrú, èmi ni wọ́n máa ń pè. Ṣùgbọ́n mi ò dá a ṣe. Olùkọ́ wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì iléèwé wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà wà níbẹ̀, onímọ̀ ìhùwàsí ọmọdé máa ń yà wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọlọ́pàá tó ń rí sí ààbò ọmọdé náà wà níbẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀gá kálukú wa, ọ̀tọ̀ ni fáìlì wa, kódà ọ̀tọ̀ ni bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ kan náà.

Ní sáà tó kọjá, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan wà lọ́wọ́ wa. Ó ń pa ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ jẹ, bó bá sì wá, orí tábìlì ló ń sùn sí. Olùkọ́ rẹ̀ mọ̀ pé ó ń sùn. Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ó ti tó oṣù méjì tí ọmọ náà ti mú oògùn ikọ́ fée tó máa ń fà sẹ́nu wá síléèwé kẹ́yìn. Èmi mọ̀ pé iṣẹ́ alẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń ṣe. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà mọ̀ pé wọ́n ti kó nílé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan. Kò sẹ́ni tó mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀.

Ọjọ́ tí ìyá náà jókòó síwájú mi, ó ṣí fóònù rẹ̀, ó fi àwọn tó pè é láàárín ọ̀sẹ̀ kan hàn mí. Àwa márùn-ún ni. Ó ní, "Ẹ̀yin márààrún lẹ pè mí. Ìbéèrè kan náà lẹ bi mí. Ẹnì kan ò padà pè mí nínú yín." Ó wá sọ ọ́ jáde pé ọmọ náà ló ń tọ́jú àbúrò rẹ̀ ọmọ oṣù méje ní òru ọjọ́ Àìkú àti òru Ọjọ́rú, nígbà tí òun bá lọ síṣẹ́.

Wọ́n ti wá fún wa ní ọjọ́ méjì gbáko báyìí láti fi kọ́ gbogbo ẹgbẹ́ yìí, ènìyàn 24. Nínú èyí tí a ṣe kẹ́yìn, ẹnì kan ló dúró síwájú tó ń gbé àwòrán sára ògiri láti àárọ̀ dalẹ́. A jẹun, a ya fọ́tò, a túká. Kò yí nǹkan kan padà. Ẹ̀yin tó ti ṣe irú rẹ̀ rí, kí ni kí n ṣe?


Olùkọ́ Kíláàsì Kẹrin

Ẹ ṣeun tí ẹ mú un wá síbí. Ibi tí ẹ ti sọ pé olùkọ́ mọ̀ pé ọmọ náà ń sùn kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Ọmọ 31 ló wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá rí ohun tí ọkàn mi ò gbà lára ọ̀kan, mo máa ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, mo máa ń fi í ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní gbúròó mọ́. Bóyá ẹ ti lọ sílé wọn o, bóyá fọ́ọ̀mù ti sọnù o, mi ò mọ̀. Ọmọ náà á sì tún jókòó síwájú mi lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀ẹ̀melòó lèèyàn máa kọ ọ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó rọ?

Bí ẹ bá fẹ́ kí àwa olùkọ́ wá tọkàntọkàn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí bí a ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù. A ti mọ̀ ọ́n kọ. Àwọn tó ń gbà á ni kí ẹ kọ́ pé kí wọ́n máa fèsì. Ìlà kan ti tó: "A ti rí i, lágbájá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, a ó bá yín sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì."


Àgbà Ẹnu Iṣẹ́

Ẹ kú làálàá, àbúrò mi. Ọdún 27 ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti darí irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ìyá yẹn fi wọ̀ mí lára.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Victoria Climbié. Côte d'Ivoire ni wọ́n bí i sí. Ìbátan àwọn òbí rẹ̀ kan mú un dé Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹrin ọdún 1999. Kò pé ọdún kan, ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2000, ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ nílé ló pa á. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ẹ̀ka wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kàn, ilé ìwòsàn méjì ti tọ́jú rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn ò fi í sí iléèwé kankan, ìyẹn ni pé kò sí olùkọ́ kan tí ì bá rí i láràárọ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Lord Laming darí gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún 2003, wọ́n kà á, ó kéré tán, ìgbà 12 tí àǹfààní yọ láti gbà á sílẹ̀. Àbá 108 ni wọ́n dá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni òfin ọmọdé ti 2004 fi dandan lé e nílẹ̀ England pé kí àwọn iléeṣẹ́ tọ́rọ̀ ọmọdé kàn máa fọwọ́sowọ́pọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé àwọn tó rí ọmọ yẹn pọ̀. Ohun tí kálukú rí ni kò pàdé.

Nítorí náà, ẹ má pe ẹnikẹ́ni wá gbé àwòrán sára ògiri. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní 2010 pé kí àwọn oníṣẹ́ oríṣiríṣi tó lè ṣiṣẹ́ pọ̀ dáadáa, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ nípa ara wọn, kí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ ara wọn, kí wọ́n sì kọ́ pẹ̀lú ara wọn. Kí ènìyàn 24 jókòó kí wọ́n máa wo ògiri kan náà, kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀.

Ohun tí èmi máa ń fi bẹ̀rẹ̀ àárọ̀ ọjọ́ kìíní rèé. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á jókòó sídìí tábìlì tirẹ̀. Àwọn yòókù á kọ ohun tí wọ́n rò pé iṣẹ́ ẹni yẹn jẹ́ sórí bébà, wọ́n á gbé e fún un. Oníṣẹ́ náà á wá kà á sókè, á tún un ṣe. Mo rántí ọjọ́ kan tí àwọn olùkọ́ kọ ọ́ pé iṣẹ́ òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ni "kí ó gba ọmọ lọ́wọ́ òbí". Obìnrin kan tó ti ṣe wẹ́fíà fún ọdún 11 dìde, ó ka bébà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Nínú àwọn ìdílé tí mo ti bá ṣiṣẹ́, àwọn tí ọmọ wọn ṣì wà lọ́dọ̀ wọn ló pọ̀ jù lọ. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ fún àwọn òbí nípa mi kí n tó kan ilẹ̀kùn wọn nìyí?" Yàrá pa lọ́lọ́. Ohun tí wákàtí mẹ́fà àlàyé ò lè ṣe, bébà kan ṣe é.


Nọ́ọ̀sì Iléèwé

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ bàbá. Kí n fi ohun tí a ń lò nídìí ìlera kún un, torí ó bá ti fọ́ọ̀mù olùkọ́ wa mu.

A ní ọ̀nà kan tí a fi ń gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn lé ara wa lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tó ń wa ọkọ̀ abẹ́ omi ló ti wá, kí àwọn ilé ìwòsàn tó mú un lò. SBAR ni wọ́n ń pè é, láti ara ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin: Situation, Background, Assessment, Recommendation. Ìbéèrè mẹ́rin ni: kí ló ń ṣẹlẹ̀ báyìí? Kí ló ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú? Kí ni èmi rò pé ó jẹ́? Kí ni mo fẹ́ kí ìwọ ṣe? Ẹ̀kẹrin yẹn ni àwa tó wà níléèwé máa ń fò.

Ẹ wo bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀: "Ọmọ náà kò mú oògùn wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bójú tó o." Ta ni "ẹ"? Gbogbo ẹni tó kà á rò pé ẹlòmíì ni.

Báyìí ni mo ṣe ń kọ ọ́ nísinsìnyí: "Láti oṣù méjì, ọmọ náà kò mú oògùn ikọ́ fée rẹ̀ wá. Lọ́dún tó kọjá, ó dákú nígbà eré ìdárayá nítorí ikọ́ yìí. Mo rò pé oògùn ti tán, wọn ò sì rí òmíràn gbà. Mo fẹ́ kí alátìlẹ́yìn ìdílé béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ Ọjọ́rú, kí ó sì fi èsì ránṣẹ́ sí èmi àti olùkọ́ rẹ̀." Ìlà mẹ́rin ni. Ẹ fún àwọn èèyàn yín ní wákàtí kan kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù àtijọ́ tiwọn kọ́ ọ. Ẹ ó rí i pé ó máa ń ni àwọn àgbà lẹ́nu iṣẹ́ lára ju àwọn ọmọdé lọ, torí ó máa ń nira fún àgbà láti sọ ní tààrà pé "ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí".

Ohun kejì. Ní Western Australia, ní àwọn ọdún 1990, Andrew Turnell àti Steve Edwards gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ààbò ọmọdé, tí wọ́n pè ní Signs of Safety, ìyẹn Àwọn Àmì Ààbò. Ó ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ló ń kọ wá lóminú, kí ló ń lọ dáadáa, kí ló yẹ kó ṣẹlẹ̀? Lẹ́yìn náà ni kálukú á fún ààbò ọmọ náà ní òǹkà láti 0, tó túmọ̀ sí pé inú ewu ló wà, dé 10, tó túmọ̀ sí pé ààbò rẹ̀ dájú. Ẹ jẹ́ kí kálukú kọ tirẹ̀ sórí bébà, kí ẹnikẹ́ni má wo ti ẹlòmíì, kí gbogbo yín wá ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ṣe wá òǹkà àárín o. Ẹ bi ẹni tó kọ èyí tó kéré jù pé kí ló rí.


Ọlọ́pàá Ààbò Ọmọdé

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ ń sọ dára, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ìkìlọ̀ kan síbẹ̀. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé bí gbogbo wa bá ti ń sọ gbogbo ohun tí a mọ̀ fún ara wa, iṣẹ́ parí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Scotland ṣe òfin kan ní 2014 pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ wà nílẹ̀, tí yóò máa gba ìròyìn nípa ọmọ náà láti ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù keje ọdún 2016, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti UK sọ pé èròǹgbà òfin náà dára, àmọ́ apá tó jẹ mọ́ pípín ìròyìn kò lè dúró, nítorí ó wọ inú ọ̀rọ̀ àṣírí ìdílé láìsí ààlà tó ṣe kedere. Ní 2019, ìjọba pa ètò náà tì.

Ẹ fi ìdajì ọjọ́ kan sórí èyí. Ẹ mú ẹni tó mọ òfin ìlú yín dání. Ẹ fa ìlà mẹ́ta sójú pátákó: ohun tí a gbọ́dọ̀ sọ kíákíá bí òbí fẹ́ bí ó kọ̀, torí ewu wà, ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ òbí, ohun tí kò kan ẹnikẹ́ni. Ẹ wá kó ọ̀rọ̀ gidi síbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pé ìyá ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, ìlà wo ló wà? Pé ọmọ ọlọ́dún mẹ́sàn-án ló ń dá wà pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ lóru ńkọ́?


Olùkọ́ Kíláàsì Kẹrin

Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ àṣírí yìí gan-an ni wọ́n fi ń dá wa dúró. Bí mo bá béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé, "àṣírí ni" ni wọ́n máa ń sọ. Ọmọ tó wà níwájú mi ni mò ń béèrè nípa rẹ̀, kì í ṣe òfófó.


Ọlọ́pàá Ààbò Ọmọdé

Ẹ tọ̀nà, ìyáàfin. Ẹni tó bá ń sọ "àṣírí ni" láìlè sọ ìlà tí ọ̀rọ̀ náà wà, ojora ló ń bò mọ́lẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ fa ìlà náà papọ̀ nìyẹn. Pé "iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, lágbájá ló wà nídìí rẹ̀" kì í ṣe àṣírí níbi tí èmi ti ń ṣiṣẹ́.


Òṣìṣẹ́ Tuntun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Oṣù mẹ́rin ni mo lò lẹ́nu iṣẹ́. Ìpàdé ọmọ kan tí mo kọ́kọ́ lọ, ọ̀gá iléèwé wà níbẹ̀, dókítà wà níbẹ̀. Gbogbo wọn gbà pé ọmọbìnrin náà kàn ń ṣagídí ni. Èmi ti débẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mo sì rí i pé bàbá bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà ti kú láìpẹ́ sígbà yẹn. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Mo rò pé wọ́n á ti mọ̀. Wọn ò mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ẹnì kan tó sọ ọ́. Mo ń rò ó títí dòní.


Onímọ̀ Ìhùwàsí

Má fi ara rẹ bú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìpàdé wa.

Amy Edmondson, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, wádìí àṣìṣe tó jẹ mọ́ oògùn láàárín àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn, ó sì gbé e jáde ní 1996. Ó rò pé ẹgbẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ jù ni àṣìṣe wọn yóò kéré jù. Òdìkejì ló bá: àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe dáadáa ni àṣìṣe tí wọ́n kọ sílẹ̀ pọ̀ jù. Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣàṣìṣe ju àwọn yòókù lọ, wọ́n ń sọ ọ́ jáde ni. Ní 1999, ó tún fi ìwádìí lórí ẹgbẹ́ 51 nínú iléeṣẹ́ kan hàn pé níbi tí ọkàn èèyàn bá ti balẹ̀ láti béèrè, láti sọ pé "mi ò mọ̀", ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti ń wáyé.

A lè kọ́ èyí ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ kì í ṣe ká ní kí àwọn èèyàn "máa fọkàn balẹ̀". Ẹ yí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ padà. Ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ọ̀gá gbẹ̀yìn. Kí ọ̀gá sì béèrè lójú gbogbo èèyàn pé, "Kí ni mi ò tíì rí?" Kó wá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń gùn, ó máa ń ṣe àwọn ọ̀gá bí ẹni pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dí i. Kí wọ́n má dí i.

Mo tún fẹ́ kí Alátìlẹ́yìn Ìdílé múra sílẹ̀ fún ìjà. Bruce Tuckman, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, sọ ọ́ láti 1965 pé ẹgbẹ́ á kọ́kọ́ péjọ, á forí gbárí, á fẹnu kò sórí ìlànà, kó tó wá ṣiṣẹ́. Ní 1977, òun àti Mary Ann Jensen fi ìtúká kún un. Bí olùkọ́ àti ọlọ́pàá ṣe ń fa ọ̀rọ̀ lókè yìí, ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ tiwa ní ìṣòro kan tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ò ní, pé wọ́n máa ń gbé èèyàn kúrò nígbàkúgbà. Gbogbo ìgbà tí ẹni tuntun bá dé, ìbẹ̀rẹ̀ la tún padà sí.


Ìyá Ọmọ Mẹ́ta

Mi ò ṣe iṣẹ́ yín o. Òbí ni mí, ọmọ mi kejì ti kọjá lọ́wọ́ irú ẹgbẹ́ yín fún ọdún méjì. Mo ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè délẹ̀, mo sì rí i pé ẹ nífẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n nínú ènìyàn 24, òbí mélòó?

Ohun tó máa ń tán mi lókun ni kí n tún ìtàn kan náà sọ. Ìgbà kẹfà tí mo máa sọ bí bàbá ọmọ mi ṣe fi wá sílẹ̀, mo sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé. Ẹni tó ń gbọ́ ọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà. Mo rí i nínú fáìlì lẹ́yìn náà. Ó ti rẹ̀ mí ni.

Bí ẹ bá fẹ́ pe òbí wá, ẹ má pe é wá sunkún fún yín kí ẹ wá pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ ṣáájú. Ẹ jẹ́ kó lè yọ ohun tí kò fẹ́ kúrò. Kó sì tún lè lọ nígbà tó bá fẹ́.


Àgbà Ẹnu Iṣẹ́

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Ẹ ti sọ ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ sọ.

New Zealand fi èyí sínú òfin láti 1989: bí ọ̀rọ̀ ààbò ọmọ bá délẹ̀, wọn á pe ìpàdé ìdílé. Àwọn òṣìṣẹ́ á sọ ohun tí wọ́n mọ̀, wọ́n á wá jáde kúrò nínú yàrá kí ìdílé lè dá gbèrò láàárín ara wọn. Ó ṣòro fún oníṣẹ́ láti jáde. Mo ti rí òṣìṣẹ́ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń wá ìdí láti padà wọlé. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín, ẹ fi dánra wò: kí òṣìṣẹ́ sọ ohun tó mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ní èdè tí òbí gbọ́, kó sì jáde.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ọjọ́ méjì kéré. Ohun tó máa dúró ni èyí tí ẹ bá ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn olùwádìí méjì, Tannenbaum àti Cerasoli, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2013 lórí àwọn ẹgbẹ́ tó máa ń jókòó lẹ́yìn iṣẹ́ láti yẹ ohun tí wọ́n ṣe wò. Wọ́n rí i pé iṣẹ́ wọn máa ń fi nǹkan bíi 25% dára ju ti àwọn tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan: kí la rò pé ó máa ṣẹlẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀, kí la máa yí padà? Àwọn ọ̀gá yín sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní ọjọ́ méjèèjì. Bí wọ́n bá kàn wá ṣí i tí wọ́n sì lọ, ẹ wò ó bóyá kí ẹ sún un síwájú.


Alátìlẹ́yìn Ìdílé

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé. A ti ṣe é, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe lọ.

Mo mú ìtàn ọmọkùnrin yẹn tọ ìyá rẹ̀ lọ ṣáájú, bí Ìyá Ọmọ Mẹ́ta ṣe sọ. A ti yọ gbogbo ohun tí èèyàn lè fi dá wọn mọ̀ kúrò. Ó kà á lójú mi. Ó fi báírò fa ìlà sí ibi tí a ti kọ ọ́ pé "òbí kò tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ oògùn". Ó ní oògùn tán nígbà tí wọ́n kó lẹ́ẹ̀kejì, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ sì wà ní àdúgbò àtijọ́. Ibi tuntun ní kí òun mú ìwé ẹ̀rí ibi tí òun ń gbé wá, kí òun tó rí i gbà, wọ́n ti tún kó. Ohun tí nọ́ọ̀sì mọ̀ àti ohun tí wẹ́fíà mọ̀, nǹkan kan náà ni. Oṣù mélòó la fi pa méjèèjì mọ́ sínú fáìlì méjì! Kò wá fúnra rẹ̀, àmọ́ ó ní kí n ka ìlà tí òun tún kọ sókè, kí n sì sọ pé òun ló kọ ọ́.

A ṣe òǹkà náà ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní. Wọ́n ṣí bébà lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ọ̀sì kọ 3. Olùkọ́ kọ 8. Èmi kọ 5. Olùkọ́ ní òun kọ 8 torí ọmọ náà gbọ́n, ó máa ń rẹ́rìn-ín, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Nọ́ọ̀sì wá sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ikọ́ fée bá mú un lóru, tí àgbà kankan ò sí nílé, tí ọmọ ọwọ́ sì wà níbẹ̀. Olùkọ́ náà ò sọ nǹkan kan. Ó mú bébà rẹ̀, ó fa igi lé 8, ó kọ 2. Mi ò ní gbàgbé bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí lórí bébà yẹn.

Ìjà wà. Wákàtí kan gbáko la fi jà lórí ìlà ọlọ́pàá, pàápàá lórí bóyá iṣẹ́ alẹ́ ìyá jẹ́ ohun tí iléèwé gbọ́dọ̀ mọ̀. A fẹnu kò pé ká kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo béèrè. Ó ní kí wọ́n mọ̀, kí wọ́n lè yé pe òun ní aago mẹ́wàá àárọ̀ tí òun ń sùn.

Ohun tó yí padà: ẹnì kan ṣoṣo ló ń pe ìdílé kọ̀ọ̀kan báyìí, òun náà ló ń fi èsì ránṣẹ́ sí àwọn yòókù kí ọjọ́ Ẹtì tó parí. Fún ìdílé yìí, èmi ni. Oògùn ti wà. Àwọn tó gba ìyá síṣẹ́ ti gbé e sí iṣẹ́ ọ̀sán lọ́jọ́ kan nínú méjèèjì. Òru ọjọ́ Àìkú ṣì kù, àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń wá sùn tì wọ́n.

Ohun tí kò yí padà ni pé àwọn ọ̀gá méjì kò wá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n sì ti gbé òṣìṣẹ́ wẹ́fíà wa lọ síbòmíràn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Onímọ̀ Ìhùwàsí ti sọ ọ́. Báwo lẹ ṣe ń gba ẹni tuntun wọlé tí kò fi ní dà bíi pé a ò ṣe nǹkan kan?


Nọ́ọ̀sì Iléèwé

Ẹ kú oríire ibi tó dé. Lórí ẹni tuntun, ẹ má fi fáìlì nìkan ránṣẹ́ sí i. Kí òun àti ẹni tó ń lọ jókòó fún ìṣẹ́jú 20 lórí ìdílé kọ̀ọ̀kan, fóònù bí kò bá lè jẹ́ ojúkojú, kí wọ́n fi ìbéèrè mẹ́rin yẹn ṣe é. Kí ẹ sì jẹ́ kó kọ òǹkà tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó rí tiyín. Ojú tuntun máa ń rí ohun tí ó ti mọ́ wa lára.

Kí ìdílé sì gbọ́ lẹ́nu yín pé ẹnì kan ń bọ̀, kí ẹni náà tó kan ilẹ̀kùn wọn.


Alátìlẹ́yìn Ìdílé

Mo ti pe ẹni tó ń lọ báyìí, ó ní òun máa yọ̀ǹda aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ẹni tuntun náà sì ti gbà láti wà níbẹ̀. Mo sọ fún ìyá ọmọ náà. Ó ní òun náà ń bọ̀, pé òun máa mú bébà tí òun tún kọ yẹn dání.